Ọmọbìnrin Tó Na Ọwọ́ Sókè

Nínú ìwé kíkà wa ní kíláàsì kẹrin ní Ìsarà, ọmọbìnrin kan wà tó fọ́ ìkòkò omi ilé ìwé. Nígbà tí olùkọ́ béèrè, ó na ọwọ́ sókè, ó ní òun ni. Ọdún yẹn náà ni agogo ilé ìwé wa fọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló fọ́ ọ níṣojú mi, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́, èmi ni wọ́n sì lé. N kò padà síbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mo kọ́.

Ní ọdún 1994, ọ̀rẹ́ mi yìí dá ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù, ó ní kí n wá ya àwòrán sára ògiri ìta tó kọjú sí ọ́fíìsì òun. Ọmọbìnrin náà ni mo yà, tòun ti ọwọ́ tó nà sókè.

"Ta nìyí?"

"Ọmọ inú ìwé wa. Ó yẹ káwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àbí o ò rántí ohun tó ṣe?"

Ó wolẹ̀. "Ẹranko inú fídíò làwọn òbí ń fẹ́. Pa á rẹ́."

Mo fi ẹfun olómi kùn ún lẹ́ẹ̀kan péré, bẹ́ẹ̀ sì ni mo mọ̀ pé òjò yóò fọ ẹfun náà kúrò. Mo padà sí yàrá tí mo ń dá gbé, n kò rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn òjò mélòó kan, mo gba ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ náà ti yọ. Ọ̀rẹ́ mi wà lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Mo dúró, bóyá yóò sọ̀rọ̀. Ó rí mi, ó sì ti fèrèsé.