Abẹ Tó Dé Ọwọ́ Ojúọlá

Lẹ́yìn ikú Boaz ọkọ rẹ̀, ìborùn kì í kúrò lórí Ojúọlá. Ooru ìbáà mú débi pé ògiri ọ́fíìsì ń làágùn, yóò wé e dé etí, yóò tún fi píìnì há a. Àwọn ọmọ iléèwé tí kò mọ̀ ọ́n a máa kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Àlájà." Bẹ́ẹ̀, ọmọ ìjọ Ádífẹ́ńtíìsì tí kì í pa ìsìn Sátidé jẹ ni, ó ń tẹ̀wé fún àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọ náà nítòsí Ìkẹ́nnẹ́. Kò bá wọn jiyàn. Ó sàn kí wọ́n pè é ní Àlájà ju kí wọ́n rí ohun tó wà lábẹ́ ìborùn lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ Àjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló wà lábẹ́ ìborùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ má baà rò pé nítorí irun lásán ni obìnrin yìí fi ń gbé ìkùnsínú kiri bí ẹni gbé oyún.

Nígbà tí Boaz wà láyé, irun Ojúọlá dúdú, ó kún, ó sì kọjá èjìká. Boaz fẹ́ràn irun náà débi pé òun gan-an ló máa ń bá a tú u bó bá fẹ́ lọ dì í. Ní Fúráìdé kan ní ọdún 1997, Ojúọlá lọ sọ́dọ̀ onídìrí ní Ṣàgámù. Èrò pọ̀ níbẹ̀, oòrùn sì ń lọ sílé. Ẹ mọ̀ pé bí oòrùn Fúráìdé bá ti wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ará ìjọ yìí: oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti jinná, omi gbọ́dọ̀ ti kún garawa, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ti jókòó fún àdúrà. Boaz kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ìyàwó òun lábẹ́ ọwọ́ onídìrí. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó ní òun ń lọ mú un wá. Tírélà kan gbá a kó tó dé Ṣàgámù. Ìdajì orí ni onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ dì nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún Ojúọlá.

"Irun ló pa á," ni Àjọkẹ́ wí ní Irolu, níbi tí wọ́n sin Boaz sí. "Bí kì í bá ṣe irun ẹ, kí ni àbúrò mi ń wá lọ sí Ṣàgámù nírọ̀lẹ́ Fúráìdé?"

Ní ilé bàbá Boaz, wọn kì í jẹ́ kí opó gbé irun orí rẹ̀ kọjá ọjọ́ kẹjọ. Pásítọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní kó máa sọ tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọbìnrin ilé ló ń fá a, Àjọkẹ́ sì ni àgbà nínú wọn. Kò fi omi sí i, kò fi ọṣẹ sí i. Abẹ tó ti kú ló fi ń ha orí náà bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ́ sí Ojúọlá lójú, Àjọkẹ́ ń wí pé, "Máa sunkún. Ṣé Boaz kò jẹ̀rora ni?" Àwọn obìnrin tó kù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọgbẹ́ náà kẹ̀. Nígbà tó jinná tán, irun hù níbì kan, kò hù níbòmíràn, àpá sì ń dán láàárín.

Láti ọjọ́ náà ni Ojúọlá ti kórìíra Àjọkẹ́. N kò ní bu omi là á fún yín. Bó bá ń fọ abọ́, Àjọkẹ́ ló ń bá jà nínú omi. Pásítọ̀ wàásù pé kí a fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ojúọlá ṣe àmín, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ ó ní bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun ṣetán láti bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀rọ̀ Àjọkẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá dá wà, á bi ara rẹ̀ pé, bí mi ò bá lọ dirun ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè bi léèrè.

Ẹni tó tú u sílẹ̀ ni Dókítà Ayọ̀adé, obìnrin tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò oúnjẹ, tó ti gbé Amẹ́ríkà pẹ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì wà, èyí tí wọ́n so mọ́ okùn tẹlifóònù. Kí íńtánẹ́ẹ̀tì náà tó wọlé, á kọ́kọ́ máa han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ojúọlá ló ń bá Dókítà tẹ í-méèlì. Lọ́jọ́ kan ní 1998 píìnì tú, ìborùn yọ̀ sẹ́yìn, Dókítà sì rí gbogbo rẹ̀. Kò ké. Ó fa kíbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀, ó tẹ àdírẹ́sì kan.

"Ẹgbẹ́ kan wà níbí, obìnrin dúdú ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ irun ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Kọ̀wé sí wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo fẹ́ bá ẹni tí mi ò rí rí sọ?"

"Òun náà ló dáa níbẹ̀," ni Dókítà wí. "Àwọn náà ò rí orí ẹ."

Ojúọlá kọ ọ́ ní ṣókí: wọ́n fi abẹ ṣe òun léṣe lórí, ṣé irun tún lè hù níbẹ̀? Nígbà tó fi máa di àárọ̀, èsì ti dé láti Kingston, láti London, láti Accra, láti Detroit. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ, èmi ni mò ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún yín. Ọ̀kan ní kó fi ìyàrun sílẹ̀, kó máa fi ọmọ ìka tú u. Òmíràn ní òróró àgbọn ló dára. Òmíràn ní kò sí ohun tó dà bí òrí, ó sì bi í bóyá ó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé inú agolo kékeré ni àwọn ti ń ra tiwọn, ó sì wọ́n bí ojú. Ojúọlá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú. Ó dá wọn lóhùn pé ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn fún òun ní ọjà Ṣàgámù, pé àdín sì kún ilé ìyá òun débi pé òun ni wọ́n fi ń pa ọmọ ọwọ́ lára. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Olówó wa.

Nínú gbogbo wọn, Vernice ni ó di ọ̀rẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Vernice ní Detroit, iná ti jó o lórí ní kékeré, kò sì ní irun kankan ní apá òsì. Ìbéèrè kan ni ó máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀: báwo ni orí wa lónìí? Òun ni Ojúọlá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Fúráìdé náà fún, pé nítorí òun ni Boaz ṣe jáde. Vernice kọ ọ́ padà pé, "Èmi ń wa ọkọ̀ ńlá lójoojúmọ́. Kò sí irun obìnrin kankan tó ń bá mi di ìdarí mú. Ẹni tó wa tírélà ló pa ọkọ rẹ." Ojúọlá ka ọ̀rọ̀ náà títí ó fi há a sórí. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ó sunkún débi tí olùṣọ́ fi wá bi í bóyá ẹnì kan kú.

Bí ẹ̀bi yẹn ṣe kúrò lọ́kàn rẹ̀, ìbínú ló wọ àyè rẹ̀. Ó sọ orúkọ Àjọkẹ́ fún gbogbo ẹgbẹ́. Háà! Ṣé ẹ rí èébú? Èyí ti Kingston ní kí wọ́n bá òun kó Àjọkẹ́ wá. Èyí ti Accra fi í ré. Ojúọlá ń kà á, ó ń dùn mọ́ ọn ju oyin lọ, nítorí pé ìkórìíra tí òun nìkan ti ń gbé ti wá rí olùbárù. Bó bá ń fi àdín pa orí rẹ̀ láràárọ̀, orúkọ Àjọkẹ́ ló ń pè sí i. Irun náà kúkú ń hù, ó ti ń bo àpá náà létí létí.

Nígbà tó di 1999, Adétúnbọ̀, ọkọ Àjọkẹ́, oníṣòwò obì ní Ijoku ní Ṣàgámù, jẹun alẹ́, ó sùn, kò jí mọ́. Àwọn arábìnrin rẹ̀ kò jẹ́ kí òkú tutù tí wọ́n fi ní ọbẹ̀ Àjọkẹ́ ló pa á. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Wọ́n ń fá orí opó ní ilé tiwọn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwà ọmọlúwàbí kan níbẹ̀: bí ilé bàbá opó bá ní opó mìíràn tó fẹ́ wá fá a, wọ́n á fún un láyè. Bí kò bá sí, àwọn arábìnrin òkú ni yóò fá a, ẹ sì mọ bí ọwọ́ wọn yóò ṣe rí.

Bàbá Ọláníyọnu, àbúrò bàbá Boaz, ló gun ọ̀kadà láti Irolu wá sí ọ́fíìsì.

"Ojúọlá, Àjọkẹ́ ló ní kí n wá bẹ̀ ọ́. Ó ní ìwọ lòun fẹ́. Ó ní ọwọ́ rẹ rọ̀."

"Èmi, Bàbá? Ṣé ó rántí èmi dáadáa?"

"Ẹ̀rù ń bà á," ni bàbá arúgbó náà wí, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ojúọlá ní òun yóò wá. Ìgbà tí bàbá lọ tán ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sọ fún ẹgbẹ́ pé Ọlọ́run ti fi abẹ lé òun lọ́wọ́. Kingston ní kó fá a dé egungun. London ní kó má lọ rárá. Vernice kọ tiẹ̀ gbẹ̀yìn: "Lọ. Fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ orí rẹ̀ kó o tó fá a. Ìwọ lo mọ bó ṣe ń dunni." Ojúọlá dá a lóhùn pé òun ti gbọ́.

Ọ̀sán gangan ló dé Ijoku, ó mú ọṣẹ àti abẹ tuntun lọ́wọ́. Àwọn arábìnrin Adétúnbọ̀ jókòó yí yàrá ká. Àgbà wọn, Ìyá Kíkẹ́, ti mú abẹ tiẹ̀ dání, abẹ tó ti dípẹtà. Àjọkẹ́ jókòó lórí ẹní láàárín wọn. Ó ti rù, ojú rẹ̀ wú.

"Ìyàwó wa," ó rọra wí, "jọ̀ọ́, rọra fún mi."

Ojúọlá ní kí wọ́n bu omi sínú abọ́ fún òun. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ irun náà, ó fi ọṣẹ pa á títí ó fi rọ̀. Lóòótọ́, ó fẹ́ fá a. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Ó ti ṣí abẹ tuntun náà kó tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Àǹtí Àjọkẹ́, kí ló pa Boaz?"

Àjọkẹ́ wo Ìyá Kíkẹ́, ó wo abẹ onípẹtà.

"Tírélà ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè."

"Tírélà ló pa á!" Ẹkún bọ́. "Irun kọ́, Ojúọlá. Mo mọ̀ pé irun kọ́. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mò ń fá ọ. Ó kàn ń dùn mí pé òun kú, ìwọ wà láàyè."

Ká ní Àjọkẹ́ sọ pé ìbànújẹ́ ló fọ́ òun lójú, bóyá Ojúọlá ì bá fá a, bóyá ì bá tilẹ̀ fi òrí pa á. Ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ ti mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tí abẹ ń wọlé, ó mọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ́, ó sì jẹ́ kí Ojúọlá gbé ẹ̀bi òkú kiri. Ojúọlá di abẹ tuntun rẹ̀ padà sínú bébà, ó sọ ọ́ sínú báàgì. Ó gbé abọ́ omi ọṣẹ náà, ó dà á nù sí àgbàlá.

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́," ó wí. Ó kọjú sí Ìyá Kíkẹ́, ó kúnlẹ̀ kí i. "Mà, ẹ̀yin lẹ ni opó yín."

"Ojúọlá! Má lọ! Má fi mí sílẹ̀ fún wọn!"

Kò wẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu géètì títí ó fi gbọ́ igbe àkọ́kọ́, ó sì tún dúró gbọ́ ìkejì. Inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó bá ní kò dùn parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ọ̀kadà.

Ní Mọ́ńdè, ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹgbẹ́, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́, títí kan igbe kejì. Kingston ní òun jó nínú ilé ìdáná. Àwọn kan yìn ín. Nírọ̀lẹ́, ìwé Vernice wọlé. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀:

"Ta ló ń bá a fi òróró pa orí náà báyìí?"

Ojúọlá ka ìlà náà, ó sì tún un kà. Ó na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Kì í ṣe èmi." Ó fi ránṣẹ́. Ó wá jókòó síbẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ń retí kí Vernice bú òun, tàbí kó rẹ́rìn-ín, tàbí kó sọ ohunkóhun, títí Dókítà Ayọ̀adé fi wọlé, tó ní kó já íńtánẹ́ẹ̀tì, òun fẹ́ fi tẹlifóònù pe ilé.