Nọ́ńbà Mọ́tò Ọmọ Mi

Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é fún wa ní London. Nígbà tí àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, tí gbogbo wa níbí ń pè ní sickle, gba ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa lẹ́ni ogún ọdún, àwọn àgbà ìjọ ló gbé e lọ sin. Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ wa ní Thamesmead. Àwọn obìnrin yí ìyàwó mi ká, ọkùnrin méjì sì jókòó tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Nígbà tí àwọn tó lọ sìnkú dé, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọmọ ogún ọdún kì í ṣe omi.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn, Daddy kan tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, pé itẹ́ òkú wo ni wọ́n gbé e lọ. Ó ní òbí kì í béèrè. Mo tún bi í lọ́jọ́ mìíràn, ó ní kí n lọ gbàdúrà.

Ohun tó wá kù fún mi ni mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò pupa kékeré kan ni. Èmi ni mo rà á fún un, nítorí òtútù ibùdó bọ́ọ̀sì a máa ru ìrora rẹ̀ sókè. Èmi awakọ̀ tí mò ń fi mọ́tò tèmi gbé èrò kiri Woolwich, mo fẹ́ ṣe fáàrí díẹ̀, mo wá ra private plate sí i: nọ́ńbà mọ́tò tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, tí èèyàn bá sì kà á, orúkọ òyìnbó ọmọ mi ni. Ó ní, "Daddy, this is so extra," pé mo ti ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mọ́tò náà wà lábẹ́ fèrèsé wa. Gbogbo Sátidé ni mò ń gbé omi àti aṣọ jáde, mo ń fọ nọ́ńbà náà, tiwájú tó funfun àti tẹ̀yìn tó jẹ́ yẹ́lò. Mi ò fọwọ́ kan ibòmíràn lára mọ́tò náà, eruku ì báà bò ó. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí orúkọ ọmọ mi kà ní gbangba.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó mi jáde wá bá mi. Ó ní àwọn kan máa ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tọrẹ, kí wọ́n tà á, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ṣe àánú. Ó ní kí a fi eléyìí fún ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn ọmọ tó ní sickle lọ́wọ́, àwọn tó máa ń wá jókòó ti ọmọ wa lọ́sibítù. Mo ní kó má dá a láṣà láti tún un sọ.

"Daddy," ó ní. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí ọmọ nílé mọ́. "Ẹ jẹ́ kó ṣe ọmọ ẹlòmíì láǹfààní."

"Níbo ni màá ti wá máa rí i?"

Ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó nu tẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé òun náà kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, kò sì ní ohunkóhun tó ń fọ̀. Mo gbà.

A kọ́kọ́ gbé e lọ sí bàsá ìkórè ìjọ wa, nínú wíàháòsì, ilé ìkẹ́rùsí kan tí a ń lò bíi ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ yẹn, ọ̀pẹ òyìnbó kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín Mummy méjì, tí kálukú ń fi owó lé owó. Nígbà tó kan nọ́ńbà wa, alága ṣàlàyé àwọn ọmọ tí owó náà máa ràn lọ́wọ́, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àwọn èèyàn tó fẹ́ràn private plate bí ojú, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ nínú wọn. Daddy tó sin ọmọ mi rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Má bínú," ó rọra ní. "Mo lọ́mọ nílé."

Mo ní èmi náà lọ́mọ nílé rí. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àrùn tó lè ràn án. Inú bí mi sí gbogbo wọn, mi ò sì jẹ ìrẹsì wọn.

Ẹgbẹ́ náà fúnra wọn ló wá tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní obìnrin òyìnbó kan tí kò jìnnà sí wa ló rà á fún ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, pé owó rẹ̀ sì ti ṣe àwọn ọmọ láǹfààní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò tù mí nínú rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé auntie kan láti Woolwich, ó ń lọ sí Glyndon Estate. Iná ojú títì dá wa dúró, mo gbójú sókè, mo sì rí orúkọ ọmọ mi lára mọ́tò funfun tó wà níwájú. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ̀lé e.

"Uncle, ẹ ti kọjá ilé mi o," auntie náà ní. Mo ní kó má bínú, mo sì ń wa mọ́tò lọ títí a fi dé Thamesmead, níwájú ilé tuntun kan. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ọmọ bí ogún ọdún, ó ń wá nǹkan nínú búùtù. Ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó pè é. Orúkọ ọmọ mi ló pè, ketekete, bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun. Nílé tiwa, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ yẹn mọ́.

"Coming, Mum," ọmọ náà dáhùn, ó sì wọlé.

Auntie bi mí bóyá mo mọ̀ wọ́n. Mo ní rárá. Mo fẹ́ yí mọ́tò padà, mo tún ń wo ẹnu ọ̀nà wọn. Nígbà tí ọmọ mi wà láyé, etí dídi ni tirẹ̀: àfi kí n pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, mo sì máa ń bínú. Obìnrin yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló pe tirẹ̀.