Rédíò Alága Mọ́, Tèmi Ló Dọ̀tí

Bí pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bàrígà bá ti ní "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ọkùnrin kan á gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nínú makirofóònù, á máa kí àwọn ará Ìbàdàn. Alága ẹgbẹ́ wa ni, ẹgbẹ́ àwa tí a gbàṣẹ láti máa fi rédíò bára wa sọ̀rọ̀ láti ilé sílé. Obìnrin ni èmi, síbẹ̀ òpó rédíò tèmi ni gbogbo àdúgbò ń wò. Lándílọ́ọ̀dù mi, alàgbà ìjọ, ní òpó yẹn ló ń fa ohùn náà wá, àti pé bí ẹ̀bi bá jẹ́ tèmi, òun á wó o. Bí wọ́n bá wó o, mo yadi nìyẹn.

Mo mọ ibi tí wàhálà ti wá. Alága so búsítà mọ́ rédíò rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè rìn jìnnà. Búsítà burúkú ni. Ibi kan ṣoṣo ló yẹ kí ohùn èèyàn ti jáde lórí afẹ́fẹ́. Tirẹ̀ ń yọjú káàkiri, títí dé ibi tí makirofóònù pásítọ̀ wà.

Mo ní kí wọ́n wọn rédíò àwa méjèèjì. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, lándílọ́ọ̀dù náà wá. A yá ẹ̀rọ kan tó ń fi ìlà hàn lójú gíláàsì: bí rédíò bá mọ́, tí ohùn rẹ̀ kò yà síbòmíràn, ìlà kan á dá dúró gàgàrà, bó bá dọ̀tí, òmíràn á máa hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alága gbé rédíò dé, ó fi búsítà sílẹ̀ nílé! Bí ọ̀mùtí tó ní kí wọ́n gbóòórùn ẹnu òun kí òun tó mu. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbé búsítà yẹn wá, sà," mo ní.

"Búsítà kì í ṣe rédíò. Rédíò lẹ ní ká wọ̀n."

Àwọn ẹnjiníà ńláńlá inú ẹgbẹ́ wa ń mi orí bí alángbá. Ọ̀kan ní, "Madam, ẹ take it easy, àgbà ni wọ́n." Àfi bí ẹni pé ọjọ́ orí là ń wọ̀n.

Mo so tèmi mọ́ ẹ̀rọ, mo ṣí i dé òpin agbára rẹ̀, bí mo ṣe ń lò ó gan-an. Ìlà gíga kan dúró. Nísàlẹ̀ pátápátá, òmíràn wà, tíńtín bí irun ìpéǹpéjú, irú èyí tí òfin gbà láàyè. Alága na ìka sí i. "Kí nìyẹn?"

Lándílọ́ọ̀dù sún mọ́ gíláàsì. "Sísítà, méjì ni tiyín. Ẹyọ kan ni ti bàbá."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Ẹni tó ti ka méjì kò fẹ́ gbọ́ àlàyé mọ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Wọ́n wó òpó náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jókòó sẹ́yìn lándílọ́ọ̀dù. Pásítọ̀ ní ká dúpẹ́ fún àlàáfíà tó padà sílé Ọlọ́run. Makirofóònù hó, ohùn alága sì jáde ketekete: "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe mọ́ tó lónìí? Wọ́n ti wó òpó ìyáàfin yẹn!"

Lándílọ́ọ̀dù yíjú sí mi tìbínú-tìbínú. "Sísítà, ṣé ẹ tún ti ri òpó mìíràn mọ́lẹ̀ ni?"