Bí Páìpù Ṣe Wọlé

Ẹ̀rí-dà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í sì í bínú sí i. Obìnrin tó bá ra bàtà tí á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ wò bóyá awọ ni lóòótọ́, tí ọkọ rẹ̀ bá sọ pé òjò ń rọ̀ tí á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé kó tó gbà, orúkọ wo ni ẹ fẹ́ kí wọ́n tún fún un?

Iyàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á ka ohun tí dókítà kọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, á sì fún iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń wò kí wọ́n tó sanwó. Èyí tó mọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀mí là, èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tó ń fi atẹ́gùn sí i, tó sì ń dá a padà sára. Páìpù tó nípọn bí ìka ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ lu awọ tí páìpù sì gba ibẹ̀ wọlé, nọ́ńbà kan nìyẹn. Bó bá fi ọ̀bẹ la ẹran títí ó fi fojú ara rẹ̀ rí iṣan ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà mìíràn ni, owó tirẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé dókítà tó ń fi páìpù wọ̀nyí síni lára, àbúrò Ẹ̀rí-dà ni. Àbíkẹ́yìn ìyá wọn ni, ẹ̀yìn Ẹ̀rí-dà ló sùn dàgbà. Abẹ́rẹ́ ni tirẹ̀ látijọ́, á sì máa fọ́nnu pé, “Àǹtí mi, bí ẹ bá rí ọwọ́ mi, ẹ ó rò pé télọ̀ ni mí.” Àfi bó ṣe di lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí gbogbo ohun tó ń kọ wá di ọ̀kan náà: mo la awọ, mo rí iṣan, mo fi páìpù wọlé. Lára arúgbó, ọ̀bẹ. Lára géńdé, ọ̀bẹ. Ó sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun.

Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń lò tó ń kọ ọ̀bẹ, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá wọ́n á tiẹ̀ tì í mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n tó ń fún irọ́ ní nọ́ńbà náà ò sì ní mú un jẹ. Ẹ̀rí dà?

Ló bá gba wọ́ọ̀dù lọ, ibi tí àwọn onínọ́ńbà kì í dé. Ó ń yọjú wo itan aláìsàn kan láti ẹnu ọ̀nà títí nọ́ọ̀sì fi yọ sí i lẹ́yìn.

“Màmá, kí lẹ ń wá?”

“Mo kàn ń kọjá ni.”

“Ògiri ló wà níwájú yín o. Ibo lẹ ń kọjá lọ?”

Bándéèjì fífẹ̀ tó bo ojú ọgbẹ́ ló rí. Ó padà síbi iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí bándéèjì.

Òfin kan wà nídìí iṣẹ́ wọn. Bí ohun tí dókítà kọ kò bá yé ọ, o lè bi í, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹ̀rí-dà fúnra rẹ̀ ló ń fi òfin yìí kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ọkọ̀ tuntun yẹn ló kọ́kọ́ rí, òfin sì fò lọ lórí rẹ̀.

“Ṣé kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ lò ń lò, tí o wá ń kọ ọ̀bẹ kí owó lè pọ̀?”

Ojú Àbíkẹ́yìn yí padà. “Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ wá ń pè mí lólè nínú ilé mi?”

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ló ń bínú tó bẹ́ẹ̀ àbí ẹni tí wọ́n ká mọ́? Ẹ̀rí-dà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, kò rí i dì mú.

Ìgbà tí ìwé iṣẹ́ abẹ mìíràn tún dé, ọ̀bẹ náà ni. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti tẹ nọ́ńbà. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó lọ bá Àbíkẹ́yìn ní ọ́fíìsì rẹ̀ lókè, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bi í bó ṣe yẹ kó ti bi í tẹ́lẹ̀.

“Sọ bí páìpù ṣe ń wọlé fún mi.”

Kò fi ìdáhùn kankan sí i lẹ́nu. Àbíkẹ́yìn na ọwọ́ ọ̀tún sí kọ́ọ̀bù tíì tó wà níwájú rẹ̀, ó sì gbé e sókè. Tíì náà dà sórí tábìlì.

“Abẹ́rẹ́ kì í dúró lọ́wọ́ mi mọ́, Àǹtí mi. Bí mi ò bá la ibẹ̀ kí n rí iṣan, mo lè ṣì í lù. Ọ̀bẹ ni mò ń lò lóòótọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ, òótọ́ ni.”

“Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìyẹn ń yí jíà fúnra rẹ̀. Mi ò lè di jíà ti àtijọ́ mú mọ́.”

Ẹ̀rí-dà ti ń bẹ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí pé kí àbúrò òun má jẹ́ olè. Ọlọ́run gbọ́, ó sì dùn ún ju kó jẹ́ olè lọ. Ó di ọwọ́ náà mú, ọwọ́ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ábídí. Ó ń gbọ̀n nínú tirẹ̀.

“Mi ò ní lè bá ọ bò ó o.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi sọ fún yín nìyẹn.”

“Lọ sọ fún ọ̀gá yín fúnra rẹ, kó má baà jẹ́ èmi ni màá sọ ọ́.”

Àbíkẹ́yìn gbà pé òun á lọ. Wọ́n jọ nu tábìlì.

Nígbà tó yá, ìwé iṣẹ́ abẹ tuntun kan dé iwájú Ẹ̀rí-dà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n lò, páìpù wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Orúkọ dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló wà níbẹ̀ pé òun ló fi í sí i. Orúkọ àbúrò rẹ̀ wà nísàlẹ̀: ó dúró tì í, ó ń fi ẹnu tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀rí-dà tẹ nọ́ńbà abẹ́rẹ́. Ó wá tú inú ìwé nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wá nọ́ńbà ti ẹni tó kàn dúró tini, tó ń fi ẹnu tọ́ni sọ́nà. Kò sí níbẹ̀. Ó tún un tú, omi sì ń dà lójú rẹ̀.