Ìdajì Ojú Verna

Verna Stokley kò fẹ́ràn ènìyàn, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní àdúgbò wa ní Burbank, tí o bá kí i láàárọ̀, á bi ọ́ pé kí ló kàn ọ́. Èmi nìkan ló ń bá a mu kọfí, nítorí ẹnu tèmi náà kò dùn.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ó ṣe fíìmù kan ṣoṣo, fíìmù ọ̀daràn tí kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun lásán. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé nínú rẹ̀, ìdajì ojú rẹ̀ wà nínú òkùnkùn biribiri. Òkùnkùn yẹn làwọn tó fẹ́ràn fíìmù ń yìn títí dòní. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí iṣẹ́ ìránṣọ, ó tọ́ Russell ọmọ rẹ̀, ó sin Harlan ọkọ rẹ̀. Ọdọọdún ni Russell ń gbé òdòdó lọ sí ibojì bàbá rẹ̀. Verna kì í bá a lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èmi àti Russell wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Todd wá láti iléeṣẹ́ tó ń tún fíìmù àtijọ́ ṣe fún wíwò nílé. Ó gbé àwo tuntun tí fíìmù Verna wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń yangàn.

"Ìyáàfin Stokley, a ti nu gbogbo ìdọ̀tí kúrò. Gbogbo ibi tó ṣókùnkùn la ti tan ìmọ́lẹ̀ sí. Ẹ máa rí ara yín kedere."

"Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

"Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àwọn ò rí nǹkan."

"A ò fẹ́ kí wọ́n rí i ni. Gbé e, máa lọ."

Russell rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin náà ti le jù. Ẹ jẹ́ ká wò ó." Ó ti ki àwo náà bọ inú ẹ̀rọ.

Fèrèsé yọ, Verna yọ. Apá òsì ojú rẹ̀ hàn gbangba: ó wú, ó dúdú láti abẹ́ ojú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè rẹ̀ sì ti bẹ́.

"A rò pé ara eré ni," ni Todd sọ.

"Gus tó ń tan iná fún wa rí i láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń ya fíìmù yẹn," ni Verna wí. "Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn pa iná ẹ̀gbẹ́ kan, ó bò mí láṣìírí. Ẹ̀yin wá fi ẹ̀rọ tú u síta."

Inú bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n da kọfí sí Todd lára.

Russell kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá, ta ló lù yín?"

Verna kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹni tí ò ń gbé òdòdó lọ fún."