Lẹ́tà Tuntun Lójú Tẹlifíṣọ̀n Àlájì

Mo rántí ìgbà tí gbogbo Kútọnu ń wo Èkó. Ìlú wa kò tíì ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá ra àpótí náà, ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà ló ti ń rí àwòrán. Iṣẹ́ mi ni láti de áńténà mọ́ orí ọparun gígùn, kí n gbé e gun òrùlé, kí n sì dojú rẹ̀ kọ Èkó. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà Dantokpa, mo sì gbéra ga ju ọparun mi lọ. Ọmọ Pobè ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì rò pé kò sí ohun tó kù tí n kò mọ̀.

Oníbàárà tí mo fẹ́ràn jù ni àlájì kan, ará Ṣakété, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ná ọ̀nà Godomey. Ó ní tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ. Nítorí èkejì ni mo ṣe ń tọ́jú èkíní lọ́fẹ̀ẹ́. Akọ̀wé ìjọba kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dán náà ń wá ọmọ yìí fẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará àdúgbò á kún àgbàlá Àlájì. Lẹ́tà mẹ́rin ló máa ń kọ́kọ́ yọ, orúkọ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà nìyẹn. Ilé kéwú ni Àlájì lọ, kò ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ lẹ́tà mẹ́rin yẹn bó ti mọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan tó ń ka ìròyìn ní Yorùbá á jókòó, á fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, á sì kí wa.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà mẹ́ta ló yọ. Àlájì ní èyí kì í ṣe tòun, ó pa á, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo gun òrùlé, mo yí ọparun sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Lẹ́tà mẹ́ta náà ló ń padà wá. Mo di ẹ̀bi ru iyọ̀ òkun tó ń fẹ́ wá láti Fidjrossè, mo pààrọ̀ wáyà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gun òrùlé yẹn, tí gbogbo àdúgbò dúró nísàlẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́ ara mi. Bí lẹ́tà bá ti yọ, Àlájì á ti pa á. Kò sẹ́ni tó ní ká jókòó wo ohun tó tẹ̀lé e, èmi ọ̀gá áńténà náà kò sì sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Àlájì pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ẹni tí kò lè mú àwòrán dúró, ṣé ó lè mú ìyàwó dúró? Ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹbí akọ̀wé ń bọ̀."

Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo fẹ́ràn ọmọ náà dé ọkàn, ojú sì ń tì mí láti kọjá níwájú ilé wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń tún rédíò kan ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan sì wà ní títàn lẹ́yìn mi. Lẹ́tà mẹ́ta yọ. Ọwọ́ mi méjèèjì dí, n kò lè pa á. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ìwé gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Mo yíjú padà: obìnrin oníròyìn wa ni! Ó ní ìjọba wọn ti kó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Mo rẹ́rìn-ín ara mi títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹbí akọ̀wé ti jókòó nígbà tí mo wọlé. Mo bẹ Àlájì pé kó tan tẹlifíṣọ̀n. Bí lẹ́tà mẹ́ta ti yọ, ó nawọ́ láti pa á, èmi sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àpótí náà, n kò dìde. Kò lè tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kọjá. Ibi tó ti ń bá mi wí lọ́wọ́ ni ìwé ti gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, àgbàlá sì hó yèè. Àlájì ní, kí ló wá dé tí lẹ́tà wọn fi yàtọ̀?

Mo ní, "Bàbá, a sùn ní Dahomey, a jí ní Benin. Ta ló kó kúrò nílé rẹ̀?"

Kò tíì pẹ́ tí ìjọba yí orúkọ ilẹ̀ wa padà bẹ́ẹ̀. Aṣojú ìjọba àdúgbò wa jókòó láàárín wa, ìgbà yẹn sì jẹ́ ìgbà tí èèyàn ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ó wò mí, ó rọra sọ ọ̀rọ̀ Fọn tí àwọn oníyípadà tó ń ṣèjọba fi ń kí ara wọn: "Ehuzu." Ó ti yí padà. Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹbí akọ̀wé mu omi, wọ́n sì ti lọ kí ìròyìn tó parí. Àlájì gbé mi dìde, ó ní kí n lọ pe àwọn àgbà wa wá láti Pobè. Mo rin ìrìn ọba lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ìlú wa ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ nígbà tó yá, èmi ni mo sì yí ọ̀pọ̀ áńténà padà sílé. Lónìí, orúnkún mi kò gbà mí láti gun òrùlé mọ́. Láìpẹ́ yìí, bí mo ti ń pa ìtàn náà fún àwọn ọmọ-ọmọ wa, ìyàwó mi gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì," ó ní. "Bàbá lọ kírun, mo tan án, mo rí obìnrin náà. Bí mo bá sọ, ṣé ẹ ó tún wá gun òrùlé wa lọ́jọ́ kẹta?"

Mo bi í pé, bí n kò bá wá mọ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́? Ó ní òun fúnra òun ni ì bá tan án níwájú ẹbí akọ̀wé. Ìṣẹ́gun tí mo ti ń fi yangàn láti ìgbà èwe mi, àṣé àwa méjèèjì la jọ ni í.