Nítorí Bátìrì, Ọwọ́ Mi Di Yìnyín

"Yéè! Ọwọ́ òkú rè é! Yẹ́misí, ta lo ṣílẹ̀kùn fún?"

Bí Mama Yẹ́misí ṣe kí mi káàárọ̀ nìyẹn ní Stockbridge, l'Amẹ́ríkà níbí, lọ́jọ́ kan tí òtútù ti sọ koríko iwájú ilé gbogbo di funfun. Èmi ni òkú tí wọ́n ń wí. Nọ́ọ̀sì ni mí, irú èyí tó máa ń tọ aláìsàn lọ sílé. Ìtọ̀ ṣúgà ti dá egbò sí Mama ní àtẹ́lẹsẹ̀, iṣẹ́ mi sì ni láti máa fọ egbò náà, kí n sì máa dì í. Mo wọ ìbọ̀wọ́, àmọ́ ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, òtútù ọwọ́ mi gba inú rẹ̀ kọjá. Mama fa ẹsẹ̀ wọn padà sábẹ́ aṣọ.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, fífọ egbò yìí ò gbọdọ̀ di ọ̀la."

"Sọ fún office yín kí wọ́n rán ẹlòmíì wá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀."

Yẹ́misí, ọmọ wọn, ló di egbò náà lọ́jọ́ yẹn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń júwe fún un, bí olùkọ́ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Ojú tì mí gan-an.

Ọkọ̀ mi ló fa gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ oníná ni mo rà, torí pé láti ilé aláìsàn kan sí èkejì kò jìnnà. Nígbà ooru, ọba ni mí. Àfi ìgbà tí òtútù dé tí bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í rù bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Ìrìn kúkúrú gan-an ni ìyọnu ibẹ̀: hítà á ṣẹ̀ṣẹ̀ mú inú ọkọ̀ móoru tán, mo ti débi tí mò ń lọ. Kí n tó jáde nílé aláìsàn, ọkọ̀ ti tutù, hítà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ọlọ́gbọ́n wá dá ọgbọ́n sí i. Nílé wa n'Íbàdàn, bàbá mi kì í wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tan ọkọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, hítà ń ké, mò ń mu tíì nínú ilé. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì o! Nígbà tí mo rí i pé bátìrì ti ń lọ kí n tó kúrò nílé, mo bá pa hítà pátápátá. Òfì ìgbéyàwó mi ni mo fi ń bo orúnkún wakọ̀, aṣọ ìnujú ni mo fi ń nu èémí ara mi kúrò lára gíláàsì. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń dúró de bọ́ọ̀sì máa ń juwọ́ sí mi. Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni.

Aunty Bísí, ọ̀gá wa tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, gbọ́ ẹjọ́ Mama. Wọ́n ní àwọn máa bá mi lọ; bí Mama bá tún kọ̀ mí, ẹlòmíì ló máa gba Mama lọ́wọ́ mi. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ti rí egbò yẹn nígbà tó burú jù, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀ tó bá san.

Nígbà tí Aunty Bísí dé ilé mi láàárọ̀, wáyà ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, tí mo ká dáadáa sára ògiri.

"Táyọ̀, kí ló dé tí o ò plug ọkọ̀ yìí?"

"Ó ti full lálẹ́ àná, ma. Mo yọ ọ́ kí n tó sùn."

"Why?"

"Kí iná má baà jó o, ma. Tí wọ́n bá ṣàdédé mú iná wá…"

Aunty Bísí wò mí títí. "Àwọn wo ló fẹ́ mú iná wá? Táyọ̀, Georgia la wà o!"

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ká yọ tẹlifíṣọ̀n, ká yọ fíríìjì ká tó sùn, torí iná tó bá lọ, ìbínú ló fi ń padà dé. Mo wá gbé ẹ̀rù ìyẹn sọdá òkun.

Aunty Bísí ki wáyà bọ ọkọ̀ fúnra wọn. "Tó bá ti wà lórí wáyà, warm ẹ látorí phone kó o tó jáde. Iná ilé ló máa lò, not your battery. Tó o bá ti dójú títì, dín hítà kù. Ara ẹ ni kó o warm, kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ inú mọ́tò." Nígbà tí a wọnú ọkọ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan tí mo ti ń rò pé ti ìmọ́lẹ̀ ni. Ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ mi, sítíárìn náà ń móoru. Wọ́n ní èyí kì í jẹ iná tó hítà rárá.

Bí a ṣe wọlé tí Mama rí mi, wọ́n tún fa ẹsẹ̀ wọn padà. N kò tíì wọ ìbọ̀wọ́. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. "Mama, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò."

Wọ́n fi ìka kan kàn mí, bí ẹni ń tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò. Lẹ́yìn náà wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Hmm. Òkú ti jíǹde," ni Mama wí. Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn jáde. Inú mi dùn débi pé mo ní láti bẹ̀rẹ̀ sínú báàgì mi, bí ẹni ń wá sísọ́ọ̀sì, kí Aunty Bísí má baà rí ojú mi.

Egbò náà jinná kí òtútù tó lọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn pé ó dìgbà, mo ti palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nígbà tí Mama ní kí n má tíì lọ. Wọ́n ki ọwọ́ wọn méjèèjì bọ àárín tèmi.

"Tèmi ló tutù lónìí," ni wọ́n wí.

Mo jókòó. Aláìsàn mìíràn ṣì ń retí mi, ọkọ̀ tí mo fi iná ilé mú gbóná láàárọ̀ sì ti ń tutù níta. Mo jẹ́ kó tutù.